Kí Pàǹtí Tó Di Ẹ̀gbin

Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹgbẹ́ àwọn onílé àti àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè tó yí fásitì ká ní Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun kékeré. Ọ̀rọ̀ pàǹtí ni.

Ọdún 1975 ni a dá Fásitì Ìlọrin sílẹ̀. Láti ìgbà náà wá ni ìlú ti ń sún mọ́ ọgbà, tí ọgbà náà sì ń sún mọ́ ìlú. Tánkè, Òkè-Odò àti àwọn àdúgbò mìíràn tó wà ní ojú ọ̀nà ibẹ̀ ti di ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbé inú ọgbà. Àǹfààní wà nínú èyí: onílé ń gba owó ilé, olóúnjẹ ń rí oníbàárà, ọlọ́kọ̀ ń rí èrò gbé. Ṣùgbọ́n pàǹtí bá àǹfààní náà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ju ọ̀rá omi sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì lọ́sàn-án náà ni yóò ju òmíràn sílẹ̀ lẹ́yìn ilé yín lálẹ́. Odi ọgbà kò lè dá pàǹtí dúró. Nítorí náà, kò yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ pàǹtí fásitì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ gbà wọ́n lálejò ni pẹ̀lú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé lọ sílé lónìí. Òun ni pé pàǹtí kì í di ẹ̀gbin títí di ìgbà tí a bá pa á pọ̀. Ike tó dá dúró, ọjà ni. Bébà tó gbẹ tó sì dá dúró, ọjà ni. Èèpo iṣu tó dá dúró, ajílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá da ọbẹ̀ lé bébà, tí a kó èèpo iṣu lé ike, tí a wá di gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, a ti sọ ohun mẹ́ta tó wúlò di ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Bí oko bàbá àti ọmọ bá nílò ààlà, pàǹtí inú ilé nílò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí à ń dà nù

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ẹ mú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní yàrá 20, tí ènìyàn méjìméjì ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn 40 nìyẹn. Bí olúkúlùkù wọn bá mu omi inú ọ̀rá mẹ́ta péré lóòjọ́, ọ̀rá 120 ni ilé náà ń dà nù lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di 840. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá gba ọ̀sẹ̀ 15, ọ̀rá omi tí ilé kan ṣoṣo yóò dà nù yóò jẹ́ 12,600. A kò tí ì ka ìgò oníke, bẹ́ẹ̀ ni a kò tí ì ka ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi di ọjà. Kí alága àdúgbò kọ̀ọ̀kan wá ka iye irú ilé bẹ́ẹ̀ tó wà ní àdúgbò rẹ̀.

Bí ẹ bá tú àpò pàǹtí akẹ́kọ̀ọ́ wò, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ: ọ̀rá omi, ìgò oníke ti omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, agolo, ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, bébà tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí lójú kan ṣoṣo, èérún oúnjẹ, àti bátìrì tàbí wáyà ṣájà tó ti bàjẹ́. Nínú ọgbà, ẹ ó tún rí òkìtì ewé gbígbẹ tí àwọn agbálẹ̀ ń gbá jọ láràárọ̀. Káàkiri Nàìjíríà, ohun tó lè jẹrà ló máa ń pọ̀ jù nínú pàǹtí ilé. Èyí túmọ̀ sí pé apá tó pọ̀ nínú ohun tí à ń sanwó fún ọkọ̀ akólẹ̀ láti gbé lọ jẹ́ ohun tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa lè jẹ, tí yóò sì so èso fún wa.

Ààtàn àná àti ààtàn òní

Àwọn baba wa kò ní ọkọ̀ akólẹ̀, síbẹ̀ pàǹtí kò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ààtàn tirẹ̀. Eérú, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé ẹ̀kọ àti ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn ni à ń dà síbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ a máa lọ́ràá débi pé ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Ewé ni mọ́ínmọ́ín wọ̀, ewé ni ẹ̀kọ wọ̀, ewé sì ni ẹlẹ́ran fi ń di ẹran fún oníbàárà. Igbá tó bá ya, a ń rán an. Ọkọ́ tó bá ṣẹ́, a ń gbé e padà fún alágbẹ̀dẹ.

N kò sọ èyí kí a lè máa dárò ìgbà tó ti lọ. Mo sọ ọ́ kí a lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. A di àṣà ààtàn mú gẹ́gẹ́ bí a ṣe bá a, ṣùgbọ́n a yí ohun tí à ń dà síbẹ̀ padà. Ọwọ́ tí ìyá àgbà fi ju ewé ẹ̀kọ sẹ́yìn ilé náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń ju ọ̀rá omi síbẹ̀. Ewé ẹ̀kọ yóò di iyẹ̀pẹ̀ kí òjò ọdún tó tán. Ọ̀rá omi lè pẹ́ ju ẹni tó jù ú lọ, kí ó pẹ́ ju ọmọ rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dá ìwà yìí sílẹ̀. Ilé ni wọ́n ti kó o wá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá fẹ́ kí ó yí padà, ilé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó ń lọ

Ohun tí a jù sí ẹnu ọ̀nà kì í dúró síbẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ ni yóò wọ́ ọ sínú gọ́tà. Gọ́tà yóò gbé e dé ibi afárá kékeré, ibẹ̀ ni ọ̀rá yóò ti so mọ́ igi àti iyanrìn, tí yóò sì di ìdènà. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ yóò wá ọ̀nà mìíràn, yàrá ìsàlẹ̀ sì ni ó máa ń kọ́kọ́ rí. Èyí tó bá ráyè kọjá yóò dé odò. Gbogbo wa la mọ̀ pé Odò Asà la Ìlọrin já. A sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ létí rẹ̀ nígbà tí òjò bá pọ̀.

Ìlú tó sún mọ́ wa ti fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n fún wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú nínú omíyalé náà. Òjò ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà odò àti pàǹtí tó dí ojú ọ̀nà omi mú kí ó burú jù bí ì bá ti burú lọ. Omi náà kò bọ̀wọ̀ fún ìwé ẹ̀rí. Ó wọ inú ọgbà Fásitì Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ni nípa omi àti ilẹ̀ wà, ó sì ṣe ìjàǹbá níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kì í da tiwọn sí gọ́tà, pé ńṣe ni àwọn ń sun ún. Èéfín ọ̀rá àti ike ní májèlé nínú, ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti ti àwọn àgbà sì ni ó ń lọ. Sísun ike kì í pa á rẹ́. Ilẹ̀ ló ti gbé e kúrò, tó sì gbé e sínú àyà wa. Agolo àti ike tó ń gba omi òjò sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri ń yé ẹyin sí. Àwọn màlúù tó ń jẹko kọjá láàárín wa ń gbé ọ̀rá tó ní èérún oúnjẹ lára mì. Ọ̀rá náà kì í dà nínú wọn, àwọn alápatà sì ń bá a nínú ìfun ẹran tí wọ́n pa. Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, onílé ni ará ilé akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ará ilé onílé.

Dín in kù, tún un lò, sọ ọ́ di ọ̀tun

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń bá pàǹtí jà, ètò sì wà nínú bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kí a dín in kù. Ìkejì ni pé kí a tún ohun kan náà lò. Ìkẹta ni pé kí a yọ́ ọ tàbí kí a lọ̀ ọ́, kí ó di ohun ọ̀tun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ sí ìkẹta nítorí pé owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí a kò dá sílẹ̀ rárá ni ó rọrùn jù láti palẹ̀ mọ́.

Ní ti dídín in kù, ìgò omi kan tó lágbára, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bu omi sí láràárọ̀, lè gba ipò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rá omi kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwàásù nìkan: akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbé ìgò rìn bí kò bá sí ibi tí yóò ti bu omi tó mọ́. Onílé tó bá gbẹ́ kànga tó jinlẹ̀, tó sì fi ẹ̀rọ asẹ́mi sí ẹnu páìpù kan, ti ṣe ju ẹni tó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri lọ. Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ náà lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé abọ́ wá pẹ̀lú ọ̀yàyà, kí ẹ bu díẹ̀ kún tirẹ̀. Ike tí ẹ kò rà ti san owó rẹ̀. Ní Èkó, láti ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a ń bu oúnjẹ sí. Kò yẹ kí a dúró de òfin kí a tó padà sí abọ́ àti ewé. Ní ti bébà, kí a máa tẹ ọ̀rọ̀ sí ojú méjèèjì. Iṣẹ́ tí olùkọ́ lè gbà lórí kọ̀ǹpútà, kí ó gbà á níbẹ̀.

Ní ti títún nǹkan lò, ìparí sáà ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ṣọ́. Nígbà tí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ yege bá ń kó lọ, wọ́n máa ń fi fóòmù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, fáànù, ìkòkò, tábìlì àti ìwé sílẹ̀. Oṣù díẹ̀ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yóò dé, tí òbí rẹ̀ yóò sì fi owó gọbọi ra àwọn nǹkan kan náà. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá ní yàrá kan tí wọ́n lè kó ẹrù sí láàárín oṣù díẹ̀ yìí lè so ẹni tó ń lọ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń bọ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹ bá tà á yóò ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, yóò dín ẹrù òbí kù, ẹ̀yìn ilé yóò sì mọ́.

Ní ti sísọ ọ́ di ọ̀tun, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà wa lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́wọ́ wa, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ìpínyà ti hàn. Ìgò oníke ni a ń pín ní àwọ̀ àwọ̀. A ń yọ ìdérí rẹ̀ kúrò nítorí pé irú ike mìíràn ni. A ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a ó sì fi ṣe òwú inú ìrọ̀rí, aṣọ tàbí ìgò mìíràn. Ọ̀rá omi ni a ń fọ̀, tí a ń sá gbẹ, tí a ń yọ́, tí ẹ̀rọ á sì sọ di hóró bí ìrẹsì, kí ó tó di ọ̀rá dúdú àti ohun èlò mìíràn. Bébà ni a ń rẹ sínú omi kí ó tó di bébà ìnuwọ́ tàbí ohun tí a ń to ẹyin sí. Agolo alumíníọ́mù ni a ń yọ́: agbára tí yíyọ́ rẹ̀ ń gbà kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 agbára tí a ó fi ṣe alumíníọ́mù tuntun láti inú òkúta ilẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn adàkòkò Ṣakí ti ń fi alumíníọ́mù àtijọ́ da ìkòkò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, fífọ̀ àti pípín ló gba wàhálà jù. Ìgò kan tí epo ọbẹ̀ wà lára rẹ̀ lè ba odindi àpò jẹ́. Bébà tó ti rẹ sínú ọbẹ̀ kò ṣe é tà mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ ńlá ń ṣe pẹ̀lú iná àti omi púpọ̀, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, bí àpò tó tọ́ bá wà nítòsí rẹ̀.

Ohun tó ń jẹrà kò nílò kí ọkọ̀ gbé e lọ. Kí a gbẹ́ kòtò kékeré tàbí kí a fi pákó yí igun ilẹ̀ kan ká. Kí a máa to ewé gbígbẹ apá méjì tàbí mẹ́ta, kí a sì to èèpo àti èérún oúnjẹ apá kan lé e. Kí ó máa tutù níwọ̀nba, bí aṣọ tí a ti fún omi rẹ̀ dànù. Kí a máa fi ọkọ́ tú u lọ́sẹ̀ méjìméjì kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Yóò gbóná nínú, ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù. Ìgbóná náà ló ń sè é. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́rin, yóò dúdú, yóò sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó. Kí a má ṣe da ẹran, eegun tàbí epo sí i, kí ó má baà kó eku jọ. Bátìrì, fóònù tó bàjẹ́ àti gílóòbù iná ní tiwọn kò gbọdọ̀ wọ inú ajílẹ̀, kí wọ́n má sì wọ inú iná, nítorí pé májèlé ìrìn wọn lè dé inú kànga. Àpótí tiwọn ni kí wọ́n wà, títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi wá gbà wọ́n.

Ẹ wá olùrà kí ẹ tó ra àpò

Níbi tí ọ̀pọ̀ ètò báyìí ti ń kú nìyí. A ó ra garawa mẹ́ta aláwọ̀ oríṣiríṣi, a ó ya fọ́tò, a ó ṣe ìfilọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn yóò pín pàǹtí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò rí i tí ọkọ̀ akólẹ̀ dà gbogbo garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ kan náà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ní pín ohunkóhun mọ́, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹgbẹ́ tó ra àpò kan ṣoṣo, kí ó kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò ra ohun tó wà nínú rẹ̀.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa. Àwọn ni wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ṣa irin, ike àti agolo, tí àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ èdè Haúsá ń pè ní baban bola. À ń wò wọ́n bí ẹni tí a fura sí. Ajá wa ń gbó wọn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni iṣẹ́ tí a wá jókòó sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 23, ka iyì iṣẹ́ mọ́ àwọn ìwà tí ó yẹ kí a mọ ọmọ Nàìjíríà mọ́. Kí ẹgbẹ́ pè wọ́n, kí ó mọ orúkọ wọn, kí ó fún wọn ní ọjọ́ àti wákàtí, kí wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò san fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a mọ̀, tí a sì bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe ẹni tí à ń bẹ̀rù mọ́.

Àwọn mìíràn ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ń gba ike, ọ̀rá àti agolo lọ́wọ́ àwọn ará ilé ní àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń fún ẹni tó kó o wá ní ẹ̀san. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ń pè ní Morit International School gbà pé kí àwọn òbí máa kó ìgò oníke wá láti fi san lára owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa. Èkíní ni pé ènìyàn yóò pín pàǹtí bí ó bá rí ẹ̀san tó ń padà sọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kò dìgbà tí a bá ní ẹ̀rọ ńlá kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ni iṣẹ́ náà?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lọ́kàn yín: ṣé kì í ṣe ìjọba ni? Òótọ́ ni pé ìjọba ní tirẹ̀. Abala 20 ìwé òfin wa sọ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Àfikún kẹrin ìwé òfin kan náà ka ìkódọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé béèrè, kì í ṣe ẹnu nìkan. Ṣùgbọ́n abala 24 kọjú sí àwa ará ìlú. Ó sọ pé ojúṣe ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan ni láti ṣe ohun tó dára tó sì wúlò fún ìlọsíwájú àti àlàáfíà àwùjọ tí ó ń gbé. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò sọ pé ìlú tí a ti bí i. Ó sọ pé àwùjọ tí ó ń gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Kàbà, Ọ̀ffà tàbí Màídúgùrì wá kò lè sọ pé àlejò ni òun. Onílé náà kò lè sọ pé pàǹtí àlejò ni.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ohun márùn-ún yìí kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀:

1. Ẹ wá olùrà ike, ọ̀rá, agolo àti bébà, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn ọjọ́ àti iye.

2. Kí onílé kọ̀ọ̀kan gbé àpò ìrẹsì mẹ́ta kọ́ sí ibi tí gbogbo ayálégbé ń gbà kọjá: ọ̀kan fún ọ̀rá, ọ̀kan fún ike àti agolo, ọ̀kan fún bébà. Kí ó sì ya igun ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún ajílẹ̀.

3. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé pé ayálégbé yóò pín pàǹtí rẹ̀, kò sì ní sun ún. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń gba kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ìjà bá dé.

4. Ẹ yan akẹ́kọ̀ọ́ kan sínú ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó àdúgbò, kí ó ní ohùn níbẹ̀. Kí aṣojú ẹgbẹ́ náà sì máa lọ bá àwọn tó ń bójú tó àyíká nínú ọgbà, kí àpò inú ọgbà àti àpò inú ìlú lè jẹ́ irú kan náà.

5. Ẹ máa kọ iye tí ẹ tà sílẹ̀, kí ẹ máa kà á síta ní ìpàdé, kí gbogbo ènìyàn sì mọ ohun tí ẹ fi owó náà ṣe. Gọ́tà kan tí a fi owó ọ̀rá tún ṣe yóò wàásù ju èmi lọ.

Ẹ ó rántí pé láti ìgbà Ogun Lòdì sí Ìwà Àìníjàánu ni ìmọ́tótó oṣooṣù ti di ohun tí a mọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ètò náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí a kó jáde nínú gọ́tà lọ́jọ́ Sátidé ń wà ní etí gọ́tà náà títí òjò fi gbá a padà sínú rẹ̀. Kíkó pàǹtí jáde kò tó. Ibi tí yóò lọ lẹ́yìn náà ló ṣe pàtàkì, ìpínyà ló sì ń fún un ní ibi tí yóò lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù fún yín. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin ni yóò jẹ́ olùkọ́, dókítà, onímọ̀ ẹ̀rọ, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti onílé. Ohun tí ọwọ́ yín bá mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́rin tí ẹ ń lò níbí ni yóò bá yín dé ibi iṣẹ́. Ẹni tí kò lè ya ọ̀rá omi sọ́tọ̀ kúrò lára èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, a kò lè retí pé kí ó ya owó ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára owó tirẹ̀ nígbà tó bá dé ipò. Ìwà kan náà ni.

Ẹ̀yin àgbà wa, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni pàǹtí fi wọ àdúgbò wa, bí a kò bá sì sú, díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi jáde. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àdúgbò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé mẹ́wàá tí onílé wọn gbà láti ṣe é. Kí àwọn tó kù máa wo ojú gọ́tà wọn nígbà òjò.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé wa mọ́, kí omi wa mọ́, kí Ó sì bù kún Nàìjíríà.